Kámẹ́rà Tí Rasheedah Fẹ́ Rà

Ọjọ́ tí Rasheedah gbà pé iṣẹ́ ti tán lára kámẹ́rà bàbá òun, ìyàwó tuntun ló ń sunkún níwájú rẹ̀. Rosemary ni orúkọ ìyàwó náà. Ìlú Mówè ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó rẹ̀ ní Sátidé méjì sẹ́yìn, Rasheedah ló sì ya gbogbo rẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú ìyàwó títí di ìgbà tí ọkọ ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún un. Fíìmù mẹ́ta ló yà tán. Àfi ìgbà tí wọ́n fọ̀ wọ́n tí wọ́n rí i pé ìdérí ẹ̀yìn kámẹ́rà àtijọ́ náà ti yẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì ti gba ibẹ̀ wọlé. Ilà pupa kan bí iná gba ojú gbogbo ènìyàn kọjá, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀.

"Àǹtí, ojú mi dà?" Rosemary ń yẹ fọ́tò kọ̀ọ̀kan wò, ó ń gbé e sílẹ̀. "Ẹ ṣáà fi ẹyọ kan hàn mí tí ojú mi wà níbẹ̀."

Rasheedah fi ọjọ́ orí ju Rosemary lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀. Ó dá owó wọn padà, ó bẹ̀ wọ́n títí ẹnu fi gbẹ ẹ́, ó sì wọ ọkọ̀ padà sí Ifọ̀. Lójú ọ̀nà ló ti pinnu. Kámẹ́rà díjítà, èyí tí kì í lo fíìmù, lòun máa rà, bàbá òun ìbáà fẹ́, ìbáà kọ̀.

Àbúbákr ni orúkọ bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Fọ́tò ni gbogbo Ifọ̀ mọ̀ ọ́n sí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń ya fọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù kan náà lọ́nà ibùdókọ̀ ojú irin. Kò sí ilé tó ti pẹ́ ní ìlú náà tí fọ́tò tó yà kò kọ́ sára ògiri wọn. Láti bí ọdún méjì sẹ́yìn ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń gbọ̀n, kò sì lè di kámẹ́rà mú kó dúró mọ́. Rasheedah, ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, nìkan ló kọ́ iṣẹ́ náà nínú ọmọ mẹ́rin tó bí. Òun ló ń lọ òde, bàbá sì ń jókòó ti ṣọ́ọ̀bù.

Ṣọ́ọ̀bù tó ń jókòó tì náà kò sì rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lásúnkànmí ti Àjùwọ̀n dé, ó gba ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì, ọ̀gangan ti Bàbá Fọ́tò. Ó gbé kọ̀ǹpútà síbẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ tó ń tẹ fọ́tò síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ya pásípọ́ọ̀tù, kó tó nu òógùn ojú rẹ̀ tán, fọ́tò ti jáde. Bàbá Fọ́tò kì í dárúkọ ọkùnrin náà. "Ọmọ òdìkejì yẹn" ló máa ń pè é.

Nígbà tí Rasheedah gbé ọ̀rọ̀ díjítà sílẹ̀, bàbá rẹ̀ kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Fọ́tò tí ènìyàn lè pa rẹ́ kó tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín, ṣé fọ́tò nìyẹn?"

"Bàbá, ti Rosemary tí a ò pa rẹ́ ńkọ́? Kí ló dé ọwọ́ ẹ̀?"

Nígbà tó yá, bàbá ní, "Ṣe bó o ṣe fẹ́. Owó ẹ ni."

Oṣù kẹrin ọdún 2008 nìyẹn. Kámẹ́rà méjì ni gbogbo àwọn tí Rasheedah bi léèrè ń dárúkọ: Nikon D80 àti Canon 40D. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ti ọmọdé, wọn kì í sì í ṣe ti olówó tí kò mọ ohun tó máa fowó ṣe. Oníṣòwò kan ní Èkó lè bá a wá èyíkéyìí, àmọ́ tó bá ti rà á, kò sí ìdápadà. Ẹ̀ẹ̀kan péré lagbára rẹ̀ gbé e. Tó bá ṣì í rà, ó di ìgbà wo? Ní gbogbo Ifọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ tó mọ tinú tòde kámẹ́rà wọ̀nyí, ẹni náà sì ni ọmọ òdìkejì.

Ó dúró di ọjọ́ Túsìdeè tí bàbá rẹ̀ máa ń lọ rí dókítà ní Abẹ́òkúta. Títì tó fẹ́ kọjá kò fẹ̀ ju èyí tó ń kọjá lójoojúmọ́ lọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ńṣe ló dà bíi pé odò ló ń là kọjá.

Lásúnkànmí dìde nígbà tó rí i. Ọkùnrin gíga kan tó ti tó bí ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, kò sì dà bí ẹni tó ń ṣakọ bí Rasheedah ṣe rò ó sí.

"Ẹ káàsán o. Ọmọ Bàbá Fọ́tò."

"Ẹ káàsán, sà. Kámẹ́rà ni mo fẹ́ bi yín léèrè."

Ó ro ẹjọ́ ara rẹ̀, ọkùnrin náà sì tẹ́tí gbọ́ ọ délẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, Lásúnkànmí gbé Canon tirẹ̀ lé e lọ́wọ́. Kámẹ́rà náà wúwo. Gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀, ara rẹ̀ sì le bíi ti irin.

"Àwòrán tí Nikon ń mú ò kéré sí ti èyí," ló ní. "Nikon yẹn fúyẹ́, ó sì rọrùn lọ́wọ́. Èyí ní tiẹ̀, ó yára. Ṣùgbọ́n èmi ò ní sọ èyí tí ẹ máa rà fún yín. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, orúkọ mi ni yóò máa wà lẹ́nu yín."

"Ọ̀rọ̀ yín ti wà lẹ́nu àwọn ará ilé wa tẹ́lẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí Rasheedah tó mọ̀. Lásúnkànmí wo òdìkejì títì, ibi tí àga Bàbá Fọ́tò wà lófìfo lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo mọ̀," ló sọ, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọ̀rẹ́ mi kan ń jẹ́ Ọmọlabí, Àgbàdo ló ń gbé. Òun ló ní Nikon yẹn, kì í sì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Túsìdeè, á lè yá wa. Ẹ jẹ́ ká fi àwọn méjèèjì wé ara wọn dáadáa. Ẹnì kan náà, ibì kan náà, ìmọ́lẹ̀ kan náà."

"Ta wá ni ẹnì kan náà yẹn?"

"Àwa méjì la wà níbí."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ọjọ́ Túsìdeè, bí ọkọ̀ Abẹ́òkúta bá ti gbé Bàbá Fọ́tò lọ, Rasheedah á kọjá títì. Wọ́n yà lábẹ́ igi ọdán, níbi tí oòrùn ti ń jó wọlé lára ewé. Wọ́n yà nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí NEPA múná lọ, kí wọ́n lè mọ èyí tó máa ríran jù nínú òkùnkùn. Wọ́n yà lábẹ́ páànù nígbà tí òjò ń rọ̀. Lásúnkànmí á tẹ̀ wọ́n jáde, á sì fi bírò kọ N tàbí K sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, K fún Canon, torí ó ní bí wọ́n ṣe ń pè é ní Ifọ̀ lòun ṣe máa kọ ọ́. Rasheedah ń rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ọwọ́ bàbá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ṣùgbọ́n bó bá délé, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Bàbá á máa sọ bí dókítà ṣe ní kó máa fún bọ́ọ̀lù rọ́bà mọ́wọ́, òun á sì máa gbé oúnjẹ fún un bí ọ̀dàlẹ̀. Ó ń bi ara rẹ̀ pé, ṣé kámẹ́rà ni mò ń lọ wò lóòótọ́? Tí kámẹ́rà bá sì ni, kí ló dé tí mo fi ń pààrọ̀ ìbòrí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó jáde?

Ní Túsìdeè keje, wọ́n lọ sí Àgbàdo. Lásúnkànmí ní ohun tó ń sá nìkan ló lè fi ìyàtọ̀ kámẹ́rà méjèèjì hàn, ohun tó sì ń sá ní Àgbàdo ni ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n dúró sẹ́yìn àwọn tó ń ta ọjà létí irin. Ọkọ̀ láti Èkó yọ, èrò kún inú rẹ̀, èrò kún orí rẹ̀. Rasheedah gbé Nikon sójú, ó tẹ̀ ẹ́. Kámẹ́rà náà mú un, kedere ló mú un, ṣùgbọ́n ó fara balẹ̀ díẹ̀ láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ọkọ̀ dúró, ó gbé èrò, ó sì tún fọn fèrè. Lásúnkànmí na Canon sí i, ọkùnrin náà ò sì tíì mú ọwọ́ kúrò lára okùn rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

"Jẹ́ n rí i! Yára, ó ń lọ! Gbé e wá jàre!"

Ó gbà á. Kámẹ́rà náà ń dún tá-tá-tá-tá bí àgbàdo tó ń yan nínú agbada. Nígbà tí wọ́n wò ó lẹ́yìn, ọkùnrin kan wà lórí ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ ṣí fìlà rẹ̀: fìlà wà lórí rẹ̀, fìlà kúrò lórí rẹ̀, fìlà wà lófuurufú, ọwọ́ rẹ̀ nà sí i, ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Rasheedah kígbe ayọ̀.

Lásúnkànmí ń rẹ́rìn-ín. "Ọlọ́run ṣeun. Ó ti lé lóṣù kan tó o ti ń fi 'ẹ̀yin' gbá mi dànù."

Rasheedah fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ má bínú, sà."

"Má tún dá a padà o." Ó wá wò ó. "Jẹ́ n bi ọ́. Ní gbogbo ọjọ́ tá a ti ń bọ̀, bó ṣe wúwo sí lo máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ọwọ́ ẹ sì le. Kí ló dé?"

Rasheedah wo ilẹ̀. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. "Bàbá mi ni. Mo fẹ́ ra èyí tí wọ́n á lè gbé nígbà míì, kódà ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ yẹn títí ayé."

Lásúnkànmí ń wo ojú irin. Ọkọ̀ ojú irin ti lọ jìnnà, àwọn ọlọ́jà sì ti ń da ọjà wọn padà sórí irin.

"Rasheedah, tá a bá yan kámẹ́rà lónìí, ṣé wàá tún máa wá lọ́jọ́ Túsìdeè?"

Rasheedah wo Nikon tó fi kọ́ ọrùn, ó wo Canon tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Jẹ́ ká má tíì yàn," ló sọ.

Àwọn méjèèjì kò mọ̀ pé ẹnì kan tó ń kó ẹja gbígbẹ láti Àgbàdo lọ sí Ifọ̀ ti rí wọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé etí Bàbá Fọ́tò.

"Nínú gbogbo ọkùnrin tí Ọlọ́run dá láti Àjùwọ̀n dé Abẹ́òkúta, ọmọ òdìkejì yẹn lo rí?" bàbá ní, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí itan rẹ̀. Ìyá Rasheedah, Wúlẹ̀mọ̀tù, dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, kò wọlé, kò sì jáde.

"Bàbá, kámẹ́rà ni mo lọ wò."

"Kámẹ́rà ló ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n ní ò ń rín?"

Rasheedah wo ìyá rẹ̀.

"Ó gba oníbàárà mi, mo dákẹ́. Ó tún wá fẹ́ gba ọmọ mi. Tó o bá tún kọjá títì yẹn, má wulẹ̀ kọjá rẹ̀ padà."

Rasheedah kò kọjá títì mọ́. Oṣù kan lọ, èkejì bẹ̀rẹ̀. Àràárọ̀ ló ń rí Lásúnkànmí tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọkùnrin náà á wo ibi tó wà, á sì wo ilẹ̀. Kò juwọ́, kò pè. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀: *Ọmọlabí ní kí n kí ọ.* Rasheedah kà á títí ó fi mọ iye álífábẹ́ẹ̀tì tó wà nínú rẹ̀. Ó kọ èsì, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ, ó sì fi ránṣẹ́: *Mo gbọ́.*

Ìbànújẹ́ wá di ìbínú. Ọkùnrin tó bá fẹ́ràn obìnrin, ṣé títì ló máa dá a dúró? Bóyá oníbàárà lásán ni òun jẹ́ fún un. Bóyá bí ojú òun ṣe ń rí nínú kámẹ́rà nìkan ló ń wò. Iṣẹ́ ń wá láti Ìbàfọ̀ àti Mówè, kò sí kámẹ́rà tó lè fi ṣe é. Kò sì fẹ́ ra ọ̀kankan, torí ó dà bíi pé ọjọ́ tó bá rà á ni ọ̀rọ̀ náà máa parí pátápátá.

Kò mọ̀ pé Lásúnkànmí kò jókòó lásán. Ó ti wá Àǹtí Ròkíátù lọ, àbúrò Bàbá Fọ́tò, tó ń ta ike ní ọjà Àgbàdo. Obìnrin náà kọ́kọ́ lé e. Ó padà lọ. Obìnrin náà tún lé e. Nígbà kẹta, ó gbé páálí fọ́tò kan lé orí ike rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ẹ kàn bá mi wò wọ́n, mà. Tẹ́ ẹ bá wò wọ́n tán, mi ò ní wá mọ́."

Àǹtí Ròkíátù wò wọ́n. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ó gbé páálí náà dé Ifọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ yín ni mo bá wá," ló sọ, bó ṣe ń jókòó. "Ọmọ yín gbọ́dọ̀ ra kámẹ́rà, ẹ ò lè ní kó má jẹun. Kámẹ́rà méjì ló ya ìwọ̀nyí. Èwo ló dáa jù?"

Bàbá Fọ́tò fẹ́ kọ̀, ṣùgbọ́n ta ló fi ẹran han ológbò tó gbójú kúrò? Ó wá awò ojú rẹ̀. Ó tẹ́ àwọn fọ́tò náà sórí ẹní, Rasheedah sì ń wò ó láti ẹ̀yìn aṣọ ìlẹ̀kùn. Gbogbo fọ́tò náà, òun ni. Òun nínú òjò, òun nínú òkùnkùn, òun létí irin.

Bàbá ń tò wọ́n bí ẹni tó ń to káàdì. "Àwọ̀ èyí gbóná díẹ̀. Èyí mú òjìji dáadáa. Hẹn, èyí náà dára. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀, Ròkíátù, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò..."

Ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Rasheedah ló wà níbẹ̀ lábẹ́ igi ọdán, ó tẹrí ba sórí kámẹ́rà, ó ń yí nǹkan kan, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ bó ṣe máa ń là tó bá ń ronú. Kò mọ̀ pé wọ́n ń ya òun.

"Ta ló ya èyí?"

"Kámẹ́rà wo ló dáa ni mo bi yín."

"Kámẹ́rà kọ́ ló ń ya irú èyí." Ohùn bàbá ti yí padà. "Ẹni tó ya èyí dúró pẹ́. Ó dúró títí ọmọ náà fi gbàgbé pé ẹnì kan wà níbẹ̀. Ó lè sún mọ́ ọn, kò sún mọ́ ọn. Kò fẹ́ dà á láàmú." Ó yọ awò rẹ̀, ó fi etí ẹ̀wù nu ún, ó tún un fi sójú. "Bí ọmọ mi ṣe rí gan-an nìyí. Kò sí ẹlòmíì tó tíì yà á bẹ́ẹ̀ rí, èmi náà ò yà á bẹ́ẹ̀."

Ó gbé fọ́tò náà lé orúnkún.

"Ní kó wá," bàbá ní.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Lásúnkànmí kọjá títì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá Fọ́tò sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

"Ó tó ọdún mélòó tó o ti dé òdìkejì mi?"

"Ọdún méjì àti oṣù márùn-ún, sà."

"Ìgbà mélòó lo ti wọ ibí wá kí mi?"

Lásúnkànmí gbé ojú rẹ̀ sílẹ̀. "Mi ò wá rí, sà."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀rù ló bà mí. Ọjọ́ tí mo ń já ẹ̀rọ mi kalẹ̀, mo rí yín lórí àga yín, ẹ ń wò mí. Ojú tì mí. Mo ní kó di ọ̀la. Nígbà tó di ọ̀la, ojú tún tì mí ju ti àná lọ. Bó ṣe di ọdún méjì nìyẹn, sà."

Bàbá Fọ́tò mí kanlẹ̀. "Oníbàárà kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Ayé ló yí, ìwọ kọ́ lo yí i. Ohun tó dùn mí kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù. Àlejò tó bá wọ àdúgbò, ó yẹ kó kan ilẹ̀kùn ẹni tó bá níbẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, mò ń retí ẹ." Ó na ọwọ́ tó ń gbọ̀n sí i. "Dìde."

"Ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i, sà. Ìkíni ọdún méjì ni mò ń kí."

Wúlẹ̀mọ̀tù bú sẹ́rìn-ín níbi tó wà. Bàbá náà kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àgbọ̀n rẹ̀ tú u fó. Ó pe Rasheedah jáde.

"Kámẹ́rà wo lo fẹ́?"

"Nikon, Bàbá. Ó fúyẹ́. Ẹ̀yin náà á lè..."

"Mi ò bi ọ́ ní tèmi. Ọwọ́ mi ti ṣe tirẹ̀, ó sì ṣe é dáadáa, alihamdulilai. Má fi ọwọ́ mi ra kámẹ́rà ọwọ́ ẹ. Èwo ló wà lọ́kàn ẹ?"

Omi lé ròrò sójú Rasheedah. "Canon ni. Ọkọ̀ ojú irin ò lè sá mọ́ ọn lọ́wọ́."

"Ra Canon." Ó yíjú sí Lásúnkànmí. "Ìwọ, ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kó àwọn ẹbí ẹ wá."

Rasheedah sìn ín dé etí títì. Inú rẹ̀ ń dùn, inú sì ń bí i, kò mọ èyí tó máa kọ́kọ́ jáde. Ìbínú ló kọ́kọ́ jáde.

"O bi Àǹtí Ròkíátù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ti sọ fún mi. O wá bi bàbá mi. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹbí máa bi ẹbí. Ta ló bi mí? Oṣù kan ààbọ̀ ni mo fi ń wò ọ́ lódìkejì títì. Mo rò pé o ti gbàgbé mi."

Lásúnkànmí dúró. "Mo gbọ́ pé wọ́n ní kó o má kọjá títì. Mo ní tí mo bá pè ọ́, o máa kọjá, tó o bá sì kọjá, o ò ní nílé mọ́. Mi ò fẹ́ fẹ́ ọ láìní bàbá."

Ìbínú náà kò rí ibi jókòó sí mọ́. Síbẹ̀, kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

"Gbọ́, kó o tó bi mí. Iṣẹ́ ni mo máa ń fi Sátidé mi ṣe. Mi ò ní fi í sílẹ̀ nítorí ọkọ. Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ò sì ní di ẹ̀ka ṣọ́ọ̀bù ẹ. Orúkọ wọn ló máa wà lára ẹ̀."

"Mo gbọ́ méjèèjì, mo sì gbà."

"Ó dáa. Bi mí báyìí."

Àwọn ọlọ́kadà mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń retí èrò, wọ́n ti ń wò wọ́n tipẹ́. Lásúnkànmí wò wọ́n, ó wo òkè, ó wo Rasheedah.

"Rasheedah, ọmọ Àbúbákr, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Rasheedah jẹ́ kí mọ́tò méjì kọjá. Ó jẹ́ kí òógùn bo ojú Lásúnkànmí díẹ̀, torí oṣù kan ààbọ̀ kì í ṣe ọjọ́ kan.

"Màá fẹ́ ọ," ló sọ.

"Alihamdulilai!" ni ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà kígbe, ó sì tẹ fèrè rẹ̀ títí gbogbo àdúgbò fi yọjú.